Bàálù ìṣeré tó fi ìṣẹ́jú àáyá 11 fò: Ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣe bàálù àkọ́kọ́ rẹ̀ lè rí kọ́ lára Alphonse Pénaud

Ní àwọn abúlé àríwá Nàìjíríà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kórè ọkà bàbà tán, pòròpòrò rẹ̀ kì í ṣòfò. Àwọn àgbà á fi ṣọgbà, ẹran á jẹ nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé á sì fi ìyókù ṣe ohun ìṣeré.

Ọmọ náà á kọ́kọ́ bó èèpo líle ara pòròpòrò, á là á wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ tó rọ̀, tó sì fúyẹ́ bíi fóòmù, ni á gé sí oríṣìíríṣìí ìwọ̀n, èèpo tó là ni á sì fi gún wọn pọ̀ bí ẹni ń kan ìṣó. Kò ní pẹ́ tí mọ́tò kan á fi dé. Bí kì í bá ṣe mọ́tò, á jẹ́ bàálù: ó ní apá méjì, ó ní ìrù, nígbà míì ó tiẹ̀ ní fáànù kékeré níwájú tí afẹ́fẹ́ lè yí.

Ohun kan ṣoṣo ni bàálù yìí kì í ṣe. Kì í fò. Bí ọmọ náà bá jù ú sókè, á ta kìtì lójú afẹ́fẹ́, á sì forí sọlẹ̀.

Ó ní apá, ó ní ìrù, ó sì fúyẹ́. Kí ló wá kù?

Ìbéèrè yìí ló da àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó fi ìdáhùn rẹ̀ hàn ní gbangba, tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì fojú ara wọn rí i, jẹ́ ọmọ ọdún 21. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti okùn rọ́bà wà lára ohun tó lò.

Ta ni Alphonse Pénaud?

Ọdún 1850 ni wọ́n bí Alphonse Pénaud ní ìlú Paris. Ọ̀gá àgbà ni bàbá rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Faransé, ọmọ náà ì bá sì tọ ipa bàbá rẹ̀, àmọ́ àìsàn egungun ìbàdí kò jẹ́. Láti kékeré ni kò ti lè rìn dáadáa, iṣẹ́ ológun sì di ohun tí kò ṣeé dáwọ́ lé. Ó wá gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ fífò.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ, ọdún 1871, ó pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa ìrìnàjò ojú òfurufú sínú ọgbà Tuileries ní Paris. Ìlú náà kò tíì bọ́ nínú wàhálà nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun Prussia ti dó ti Paris láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1870 títí di oṣù Kìíní ọdún 1871. Kété lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará ìlú àti ìjọba tún dojú ìbọn kọ ara wọn. Ààfin Tuileries tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà ti jóná nínú oṣù Karùn-ún, oṣù mẹ́ta péré kí Pénaud tó gbé bàálù ìṣeré rẹ̀ débẹ̀.

Bí ará Paris bá ń sọ̀rọ̀ nípa fífò lásìkò yẹn, bàlúùnù ńlá tí wọ́n fi gáàsì kún ló ní lọ́kàn. Nígbà tí àwọn ọ̀tá dí gbogbo ọ̀nà ìlú pa, bàlúùnù ni wọ́n fi ń kó lẹ́tà jáde. Ṣùgbọ́n bàlúùnù kò ní ìdarí, ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ lọ náà ló ń lọ. Ohun tí Pénaud mú wá kò ní gáàsì kankan nínú.

Ara bàálù náà jẹ́ igi kan tó gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50. Láti orí apá kan dé orí apá kejì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Ìdí rẹ̀ ni fáànù wà, kì í ṣe imú. Okùn rọ́bà ló na gba abẹ́ igi náà kọjá. Tí wọ́n bá ti lọ́ ọ dáadáa, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀, bó ṣe ń tú ni fáànù náà á máa yí. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 16 lọ. Bátìrì AA kan ṣoṣo wúwo jù ú lọ.

Ó sọ ọ́ ní "Planophore". Ó lọ́ rọ́bà rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Bàálù náà fò fún ìṣẹ́jú àáyá 11, kò ta kìtì, kò sì forí sọlẹ̀. Nígbà tí agbára rọ́bà tán ló balẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá 11 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Bàálù àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright, tí gbogbo ayé ń ròyìn, ìṣẹ́jú àáyá 12 ló lò lójú òfurufú nígbà àkọ́kọ́, ó sì ku ọdún 32 kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe agbára ló kù

Ṣáájú àsìkò yìí, èrò ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbìyànjú láti fò ni pé agbára ni wọn kò ní tó. Wọ́n gbà pé tí àwọn bá ti rí ẹ́ńjìnnì tó le, bàálù á gòkè fúnra rẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Stringfellow ṣe bàálù kékeré kan tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, ó sì fi ẹ́ńjìnnì tó ń lo ooru omi gbígbóná sí i nínú. Ní ọdún 1848, ó dán an wò nínú iléeṣẹ́ léèsì kan tí wọn kò lò mọ́ ní ìlú Chard, níbi tí afẹ́fẹ́ ìta kò ti lè dà á láàmú. Orí wáyà ni bàálù náà ti máa ń sáré kó tó já sílẹ̀. Títí di òní ni àwọn òpìtàn ń bá ara wọn jiyàn bóyá ó fò lóòótọ́ àbí ṣe ló kàn rọra ń balẹ̀.

Ẹni tó ti súnmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ jù nígbà náà ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Sir George Cayley, onílẹ̀ ńlá kan ní agbègbè Yorkshire. Lọ́dún 1804, Cayley mú káìtì bí èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ó so ó mọ́ ara ọ̀pá gígùn kan, ó sì fi ìrù sí ẹ̀yìn ọ̀pá náà. Ìrù yẹn ṣeé gbé sókè, ó sì ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì kankan. Síbẹ̀, tí wọ́n bá jù ú láti orí òkè, á rọra fò lọ sísàlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tí Cayley rí kì í ṣe àjèjì sí ọdẹ tó mọ ọfà ta. Ọfà tí kò bá ní ìyẹ́ nídìí kò ní lọ tààrà, bó ti wù kí ẹni tó ta á lágbára tó. Ìyẹ́ kékeré ìdí yẹn ló ń mú kí orí ọfà máa wo ibi tí wọ́n ta á sí.

Pénaud lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Ó gbé ìrù bàálù rẹ̀ kalẹ̀ lọ́nà tí etí rẹ̀ tó kọjú síwájú fi rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ju ti apá lọ. Tí imú bàálù bá dorí kodò, eré rẹ̀ á pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á túbọ̀ tẹ ìrù yẹn mọ́lẹ̀, imú á sì gbéra padà. Tí imú bá gbéra jù, eré á dínkù, ọwọ́ afẹ́fẹ́ lára ìrù á rọ̀, imú á sì tún wálẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn títí yóò fi dúró déédéé.

Ìyẹn wà fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ní ti ọ̀tún àti òsì, ó tẹ orí apá méjèèjì sókè díẹ̀. Tí bàálù bá fì sí ọ̀tún, apá ọ̀tún tó wálẹ̀ á rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju ti òsì lọ, afẹ́fẹ́ náà á sì tì í padà sókè. Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó mú ìdarí dání. Bàálù náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ibí yìí gan-an ni bàálù pòròpòrò ti kùnà. Apá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìrù rẹ̀ sì wà kó lè jọ bàálù lásán.

Pósí kékeré kan

Ẹni tó bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yẹn á rò pé ọ̀nà ti là fún Pénaud. Ní ọdún 1876, òun àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan, Paul Gauchot, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí àwòrán bàálù ńlá kan tó lè gbé èèyàn méjì. Ohun tó wà nínú àwòrán náà lè yani lẹ́nu: fáànù méjì, ẹsẹ̀ tó ṣeé ká wọlé lẹ́yìn tí bàálù bá ti gbéra, gíláàsì tó bo orí awakọ̀, àti ọ̀pá ìdarí kan ṣoṣo. Bàálù náà yóò lè gbéra lórí ilẹ̀, yóò sì tún lè gbéra lórí omi. Ọ̀pọ̀ nǹkan wọ̀nyí kò wọ inú bàálù títí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn fi parí.

Owó tí yóò fi ṣe é kò sí. Ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò tíì sí láyé. Àwọn kan ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀, àìsàn rẹ̀ náà kò sì lọ.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1880, Pénaud kó àwọn àwòrán rẹ̀ sínú pósí kékeré kan, ó sì ní kí wọ́n gbé e lọ fún Henri Giffard. Giffard ni ẹni tó fi ẹ́ńjìnnì darí bàlúùnù ní ọdún 1852, olówó ni, Pénaud sì ti retí ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Pénaud gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọ̀kan lára ohun ìṣeré tó kọ́kọ́ ṣe ti sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún méjì ṣáájú, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ méjì kan.

Ẹ̀bùn tí bíṣọ́ọ̀bù mú wálé

Kí Pénaud tó ṣe Planophore, ó ti kọ́kọ́ ṣe hẹlikópítà kékeré kan tó ń fi rọ́bà ṣiṣẹ́ lọ́dún 1870. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi di ohun tí wọ́n ń tà fún ọmọdé.

Ní ọdún 1878, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Milton Wright ti ìrìnàjò dé sílé rẹ̀ ní Cedar Rapids, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ó fi nǹkan kan pamọ́ sọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ sí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Wilbur jẹ́ ọmọ ọdún 11, Orville jẹ́ ọmọ ọdún 7. Àwọn ọmọ náà rò pé yóò já sílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ló fò lọ kan àjà. Kọ́ọ̀kì, oparun àti pépà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n sọ ọ́ ní "àdán".

Ohun ìṣeré ọmọdé kì í pẹ́ bàjẹ́, èyí náà kò sì pẹ́. Wọ́n wá ń ṣe tiwọn fúnra wọn. Èyí tó kéré fò. Wọ́n ṣe èyí tó tóbi díẹ̀, kò fò tó ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe èyí tó tún tóbi sí i, kò fò rárá. Wọn kò mọ ìdí rẹ̀, ó sì sú wọn, ni wọ́n bá padà sídìí káìtì.

Ìgbà tí wọ́n dàgbà ni wọ́n tó mọ ohun tó fa á: ẹ̀rọ tí wọ́n bá sọ di ìlọ́po méjì ní gígùn àti ní fífẹ̀ ń fẹ́ agbára ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ wo búlọ́ọ̀kù ilé. Tí ẹnìkan bá ní kí wọ́n ṣe búlọ́ọ̀kù tó gùn ní ìlọ́po méjì, tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tó sì ga ní ìlọ́po méjì, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù méjì ni ẹni tó fẹ́ gbé e máa gbé. Mẹ́jọ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú apá tó ń gbé bàálù kò pọ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Wilbur àti Orville tún padà sídìí ọ̀rọ̀ fífò, lásìkò tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí wọ́n sì ń tà á ní ìlú Dayton, wọn kò kọ́kọ́ wá ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1899, káìtì kan tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀ ni wọ́n ṣe, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n lè darí bàálù tí wọ́n bá ń lọ́ orí apá rẹ̀. Ní ọdún 1901, wọ́n kan àpótí gígùn kan, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì dán nǹkan bí 200 apá bàálù kékeré wò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀mọ̀wé tó gbójú lé ẹ́ńjìnnì

Àwọn Wright nìkan kọ́ ni Pénaud ràn lọ́wọ́. Samuel Langley, tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ Smithsonian ní Washington, náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàálù kékeré onírọ́bà tó wo ti Pénaud ṣe. Ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì ń já sílẹ̀. Ó pààrọ̀ rọ́bà sí ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo ooru omi.

Ní ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 1896, ọ̀kan lára wọn gbéra láti orí ọkọ̀ ojú omi kan lórí odò Potomac, ó sì fò tó nǹkan bíi kìlómítà kan. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Alexander Graham Bell, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, wà níbẹ̀, ó sì ya àwòrán rẹ̀.

Bí Langley bá dúró síbẹ̀, oríyìn nìkan ni ìtàn ì bá fún un. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogun ní Amẹ́ríkà fún un ní 50,000 dọ́là lọ́dún 1898 pé kó ṣe èyí tó lè gbé èèyàn. Ohun tó ṣe ni pé ó mú bàálù kékeré tó ti fò, ó sọ ọ́ di ńlá, ó wá fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára gidi sí i. Ẹ́ńjìnnì náà dára púpọ̀ fún ìgbà tirẹ̀. Bàálù fúnra rẹ̀ ni kò lè gba ìyà.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 1903, ó já sínú odò. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ó tún já sínú odò. Ìgbà méjèèjì ni wọ́n fa awakọ̀ rẹ̀, Charles Manly, jáde nínú omi láàyè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn èkejì, àwọn Wright fò ní etíkun North Carolina pẹ̀lú owó tí wọ́n rí nínú iṣẹ́ kẹ̀kẹ́.

Kí ló wà nínú páálí ẹni tó ń ṣe bàálù àkọ́kọ́ rẹ̀?

Lónìí, ẹni tó bá ra páálí bàálù onírọ́bà, tó sì tú u, yóò bá iṣẹ́ Pénaud níbẹ̀ láìsí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ wà níbẹ̀, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fáànù kékeré àti okùn rọ́bà. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé igi balsa, tó ń wá láti gúúsù Amẹ́ríkà, pàápàá láti Ecuador, ni wọ́n ń lò báyìí nítorí pé ó fúyẹ́ gidigidi. Níbi tí balsa bá ti wọ́n, fóòmù tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Páálí tó kún fún ike lọ́tọ̀. Èyí tí iléeṣẹ́ Airfix ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di ìlúmọ̀ọ́ká láti ìgbà tó gbé bàálù ogun Spitfire jáde wà fún wíwò, kì í ṣe fún fífò. Kì í ṣe pé ìyẹn náà kò ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1942, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé bá wọn ṣe bàálù kékeré 500,000, kí àwọn ọmọ ogun lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe máa dá bàálù ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí tiwọn lójú ọ̀run. Igi làwọn ọmọ náà gbẹ́, wọ́n sì kùn wọ́n ní dúdú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ fò gbọ́dọ̀ ní sùúrù níbi tí ọ̀pọ̀ kì í ti ní in: rọ́bà ló gbọ́dọ̀ kàn kẹ́yìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé tí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ báyìí, olùkọ́ṣẹ́ á lọ́ rọ́bà dé góńgó, á sì jù ú sókè. Bàálù á gun òkè lẹ́ẹ̀kan, á yí padà, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á sì fọ́. Àṣìṣe Langley gan-an nìyẹn, ẹni tó ní 50,000 dọ́là lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo apá rẹ̀ láti iwájú, bóyá ó lọ́. Ẹ fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá, níbi tó súnmọ́ iwájú, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ apá náà. Tó bá dúró lórí ìka láìfì síwájú tàbí sẹ́yìn, ó ti ń bọ̀ sípò. Ẹ wá lọ sórí pápá tó ní koríko, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀, kí ẹ sì jù ú gbọọrọ láìlọ́ rọ́bà, bí ẹni ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹni tó dúró níwájú. Ẹ má ṣe jù ú sókè.

Tí imú rẹ̀ bá ń gbéra, tó dúró díẹ̀, tó wá ṣubú, ẹ fi amọ̀ bíńtín sí imú rẹ̀. Tó bá ń sáré dorí kodò, amọ̀ ti pọ̀ jù níwájú, tàbí kí etí iwájú ìrù nílò kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá ń balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí ẹ tó lọ́ rọ́bà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀.

Kano àti Kaduna

Ní Nàìjíríà, ìlú Kano ni ìtàn bàálù ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 1925, bàálù mẹ́ta ti ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Arthur Coningham ṣáájú wọn, balẹ̀ síbẹ̀ láti Cairo. Kò tíì pé ọdún 22 sí ìgbà tí àwọn Wright fò.

Ní ìlú kan náà, ní ọdún 2007, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan ní Fásitì Bayero, Mubarak Muhammad Abdullahi, ọmọ ọdún 24, gbé hẹlikópítà aláwọ̀ ìyeyè kan jáde. Òun ló kàn án fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Honda Civic àtijọ́ àti àga tó yọ nínú Toyota. Owó tó ń rí nídìí títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ló fi ń ra nǹkan. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé.

Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbà náà ṣe sọ, ó ti gbé e gbéra ní ìgbà mẹ́fà, kò sì ga ju nǹkan bíi mítà méjì lọ. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ti Langley kò gbéra rárá. Àmọ́ àwọn oníròyìn náà ní ẹ̀bi tiwọn. Láti ìgbà náà, kò sí ìgbà tí wọn kì í gbé e jáde pé ọ̀dọ́ kan ti ṣe bàálù tàbí hẹlikópítà ní àdúgbò kan, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á pè é ní ọlọ́gbọ́n, ó sì tán. Wọn kì í béèrè bóyá ẹnìkan ti fún un ní ibi tó lè dán èyí tó kéré wò, tàbí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ tí yóò sọ fún un pé ìrù rẹ̀ ti kéré jù. Pénaud náà gba oríyìn.

Ní Kaduna, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà. Iléeṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ ọmọ ogun òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í to bàálù Air Beetle pọ̀ lọ́dún 1988 fún kíkọ́ àwọn awakọ̀. Orí RV-6A, bàálù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tà ní páálí fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to tirẹ̀ nílé, ni wọ́n gbé e kà. Níbẹ̀ náà ni Nàìjíríà ti ṣí aṣọ lójú bàálù aláìláwakọ̀ Gulma ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, àti Tsaigumi ní oṣù Kejì ọdún 2018, èyí tí wọ́n bá iléeṣẹ́ UAVision ti Portugal ṣe pọ̀.

Bàálù tó fò láìsí èèyàn nínú rẹ̀, tó sì ní láti dúró déédéé lójú òfurufú: iṣẹ́ tí Pénaud ṣe nínú ọgbà Tuileries nìyẹn, kó tó di pé wọ́n fi kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà kún un.

Ní ti ọmọ tó ṣe bàálù pòròpòrò, kò jìnnà mọ́. Inú pòròpòrò rẹ̀ fúyẹ́ tó. Kó fi pépà inú ìwé àjákọ ṣe apá tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó tẹ orí méjèèjì sókè, kó fa ìrù rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, kó sì rẹ etí iwájú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Tó bá tún ta kìtì, kó lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn nímú, kó sì tún un jù.